JOHAN KJELDAHL: ỌKÙNRIN TÍ Ó WỌN OHUN TÍ OJÚ KÒ RÍ NÍNÚ ỌKÀ

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún yóò ti mọ̀ pé bí ó bá ti kan ọmọ Ẹ̀gbá láti kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá, Lísàbí ni. Bí kì í bá ṣe Lísàbí, Ṣódẹkẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe Ṣódẹkẹ́, Ìyálóde Tinúubú ni. Ọmọ Ẹ̀gbá ni èmi náà, n kò sì bá àwọn baba ńlá wa jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta rí. Òyìnbó ni, ará ilẹ̀ Denmark ni, ó sì ti kú láti ọdún 1900. Orúkọ rẹ̀ ni Johan Kjeldahl. Kí ẹ tó bi mí pé kí ni ó kàn mí kan irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí orúkọ náà ṣe wọ ilé wa.

Mo ní àbúrò bàbá mi kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Àgbẹ̀ ni, ní apá Odẹ́dá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, gbáàgúdá àti àgbàdo ni ó ń gbìn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé àwọn kan ń wá ọkà bàbà tí wọn yóò fi ṣe mọ́ọ̀tì, pé owó rẹ̀ ju owó àgbàdo lọ, bí ọkà náà bá ti lè yege nínú àyẹ̀wò wọn. Bàbá Kékeré gbìn ín. Owó tí wọ́n ṣèlérí láti yá a fún ajílẹ̀ kò tètè dé. Nígbà tí yóò fi dé, ọkà ti ga, ó ti ń múra àti yọ orí. Bàbá kò fẹ́ kí owó náà jóná sí òun lọ́wọ́. Ó ra yúríà, ó sì fi sí i. Òjò rọ̀ sí i dáadáa. Ewé ọkà náà dúdú mìnìjọ̀, ọmọ rẹ̀ gbó kẹ́kẹ́, ẹni tí ó bá gba ẹ̀bá oko náà kọjá a máa dúró kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ, wọn kò ra ọkà náà. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Àwọn tí ń po oúnjẹ adìyẹ ni ó padà tà á fún, ní iye tí kò tó èyí tí ó ti fi ṣe ètò owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo dé ilé fún ọlidé ní àkókò náà. Bàbá Kékeré gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé yunifásítì ni mo wà, kí n tú u fún òun. Mo rí ìye omi tí ó wà nínú ọkà, mo rí bí ọkà ṣe wúwo tó, mo sì rí ìlà kan tí wọ́n fi yẹ́ńkẹ́ pupa fà sí ìdí: náítírójìn ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ Kjeldahl sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá bi mí pé ta ni ọkùnrin náà. Ó rò pé òun ni ọ̀gá tí ó dájọ́ fún ọkà òun. Ó ní bí mo bá lè bá òun wádìí ibi tí ó ń jókòó sí, òun yóò di iṣu méjì-mẹ́ta dání, òun yóò lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ nípa oríkì àti gbólóhùn oníbọ̀, n kò lè dá a lóhùn. Mo ní kí ó fún mi láyè. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 1849 ni wọ́n bí Johan Kjeldahl ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Jægerspris, ní erékùṣù Zealand tí Copenhagen, olú ìlú Denmark, wà. Kí a lè mọ ìgbà tí à ń wí: ọdún mẹ́ta péré ni Henry Townsend tíì lò ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun wá bá wa ní ọdún 1851. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859. Dókítà oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwé ní Roskilde, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Copenhagen, níbi tí ó ti gba oyè ní ọdún 1873. Lẹ́yìn èyí ó ṣe igbákejì olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn àgbẹ̀. Títí di ìgbà yìí, kò sí ohun àrà kan nínú ìtàn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ̀wé ni, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní ilẹ̀ wọn.

Ẹni tí ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà ni ọlọ́tí kan. J. C. Jacobsen ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1847 ni ó dá ilé ìpọntí sílẹ̀ lórí òkè kan lẹ́yìn odi Copenhagen, ó sì mú orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Carl, mọ́ orúkọ òkè ní èdè wọn, ó pè é ní Carlsberg. Ọlọ́rọ̀ ni Jacobsen, ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn ún. Ó rí i pé àwọn ọlọ́tí kàn ń ṣe iṣẹ́ náà bí bàbá wọn ti ṣe é ni. Bí ọtí bá dára lónìí tí ó sì bàjẹ́ lọ́la, kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà ó pinnu láti kọ́ ilé ìwádìí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìpọntí. Ní ọdún 1875 ni ó gba Kjeldahl sí iṣẹ́, nígbà tí ọmọkùnrin náà kò ju ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ó di olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì ní ilé ìwádìí náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú.

Ohun kan wà nínú òfin tí Jacobsen ṣe fún ilé ìwádìí yìí tí ó wú mi lórí púpọ̀. Ó ní ohunkóhun tí ó bá ṣe pàtàkì tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ fi í pamọ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé rí i. Ẹ wo ọlọ́tí tí ń fi àṣírí ọtí rẹ̀ han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò! Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó mọ ewé kan péré yóò gbé e wọ sàréè. Èyí ni ó jẹ́ kí iṣẹ́ Kjeldahl lè rìn dé Odẹ́dá.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín kí n sọ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe sí ọkà, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọkà tí wọ́n ń lò ni ọkà báálì. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Rúùtù nínú Bíbélì ti pàdé rẹ̀, nítorí ìgbà ìkórè rẹ̀ ni Rúùtù àti Náómì wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ọkà ilẹ̀ òtútù ni, kì í ṣe ohun tí à ń gbìn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá àgbà mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìtọ́kò. Wọn yóò rẹ àgbàdo sínú omi, wọn yóò tẹ́ ewé, wọn yóò da àgbàdo lé e, wọn yóò tún fi ewé bò ó títí yóò fi hu. Bí ó bá ti hu dé ibi tí wọ́n fẹ́, wọn yóò sá a sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ̀ ọ́, tí wọn yóò sì sè é. Ọkà híhù tí a sá gbẹ yìí gan-an ni òyìnbó ń pè ní mọ́ọ̀tì.

Ìyá àgbà ní òfin kan tí kò yé wa nígbà náà. Wọn kì í ra àgbàdo tí ó bá ti ibi tí màlúù máa ń sùn wá. Wọn a ní àgbàdo ibẹ̀ tóbi, ó dán, ó yẹ ní sísun, ṣùgbọ́n kì í hu dọ́gba, ọtí rẹ̀ kì í sì í tòrò. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, a ní àwọn Fúlàní ni wọn kò fẹ́. Ìgbà tí mo ka ìtàn Kjeldahl ni ẹ̀rín náà kúrò ní ẹnu mi.

Ọkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àpò oúnjẹ tí igi ìyá rẹ̀ dì fún un. Ohun méjì ni ó pọ̀ jù nínú àpò náà: sítáàṣì àti purotéènì. Bí ọkà bá ń hu, àwọn ẹnsáìmù inú rẹ̀ yóò jí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sítáàṣì di ṣúgà kí èèhù lè rí nǹkan jẹ. Ọlọ́tí ni ó wá já a gbà lẹ́nu èèhù: yóò fi ooru pa èèhù náà, yóò sì fi ṣúgà rẹ̀ bọ́ ìwúkàrà, ìwúkàrà ni yóò sì sọ ọ́ di ọtí. Nípa báyìí, sítáàṣì gan-an ni ọlọ́tí ń rà. Bí purotéènì bá pọ̀ nínú àpò, àyè sítáàṣì yóò dín. Kò tán síbẹ̀. Ọkà tí purotéènì rẹ̀ pọ̀ máa ń le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, kì í hu dọ́gba, ọtí rẹ̀ a sì máa dàrú bí wọ́n bá gbé e sí ibi tútù. Ẹ má sì rò pé ọlọ́tí kò fẹ́ purotéènì rárá. Bí ó bá kéré jù, ìwúkàrà kò ní rí oúnjẹ tí ó tó jẹ, ìfóòfó tí ó máa ń wà lójú ọtí kò sì ní dúró. Ààrin ni wọ́n ń wá, ààrin náà sì tóóró.

Náítírójìn ni ó ya purotéènì sọ́tọ̀ kúrò lára sítáàṣì. Kò sí náítírójìn nínú sítáàṣì. Ó wà nínú purotéènì. (Mo fi orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn olùkọ́ èdè-ìperí wa má bínú sí mi, gbogbo èyí tí mo dán wò kò dùn létí.) Bí a bá mọ ìye náítírójìn inú ọkà, tí a sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó mọ ìye purotéènì rẹ̀. Bí náítírójìn bá jẹ́ ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún, purotéènì jẹ́ ìdá mẹ́wàá. Láàrin 1.6 sí 1.8 ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pọn bíà ní ilẹ̀ Yúróòpù ń fẹ́ nínú ọkà báálì. Bí ó bá ti di ìdá méjì, ọ̀pọ̀ wọn yóò mú ojú kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ojú kò rí i, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n. Ṣáájú Kjeldahl, àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà méjì. Jean-Baptiste Dumas, ará Faransé, ti kọ́ni láti nǹkan bí ọdún 1830 sí i bí a ṣe lè jó nǹkan kí a sì gba afẹ́fẹ́ náítírójìn tí ó bá jáde. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń fi sódà àti ẹfun sun nǹkan náà. Ti àkọ́kọ́ le, ó sì ń fi àkókò ṣòfò. Ti ìkejì kì í sọ òótọ́ nígbà gbogbo. Bí ènìyàn bá fẹ́ wo ọkà kan ṣoṣo, ó lè ṣe é. Kjeldahl kì í ṣe ọkà kan ni ó fẹ́ wò. Ó fẹ́ tẹ̀ lé purotéènì láti inú ọkà lọ sínú mọ́ọ̀tì, láti inú mọ́ọ̀tì lọ sínú omi ọtí, lọ́jọ́ dé ọjọ́. Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ní oṣù kẹta ọdún 1883 ni ó gbé ọ̀nà tirẹ̀ ka iwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Copenhagen. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ní ọdún náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

N kò fẹ́ sọ ohun tí n kò fi ojú rí, nítorí náà mo lọ sí Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn tí ó wà ní ojú ọ̀nà Alábàtà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ilé ìwé gíga wà níbẹ̀, òun ni ó mú mi wọ ilé àyẹ̀wò. Wọ́n lọ ọkà kúnná, wọ́n wọ̀n díẹ̀ sínú ìgò kan tí ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ bí akèrègbè ẹmu. Orúkọ Kjeldahl ni ìgò náà ń jẹ́ títí di òní. Wọ́n da ásíìdì súfúríkì lé e. Irú ásíìdì yìí ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ní àbùlà. Wọ́n gbé e ka iná. Ọkà dúdú bí ẹ̀tù, èéfín funfun ń ru, ọ̀rẹ́ mi ní kí n sún sẹ́yìn. Nígbà tí ó pẹ́, ohun dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó sì tòrò bí omi tí wọ́n fi aró díẹ̀ sí. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ ọkà ti lọ, ṣùgbọ́n ásíìdì ti di náítírójìn rẹ̀ mú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n da sódà alágbára, èyí tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò, sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni òórùn kan ta sí mi nímú, òórùn ilé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀ láti àná. Amónía ni. Náítírójìn ni ó di amónía, òun ni wọ́n fi ooru lé jáde lọ sínú ìgò mìíràn, níbi tí àwọ̀ omi ti yí padà lójú mi láti pupa di àwọ̀ ewé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kán ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sí i títí àwọ̀ pupa fi padà. Ìye tí wọ́n kán ni ó sọ ìye náítírójìn.

Àwọn mìíràn ti tún un ṣe lẹ́yìn Kjeldahl. Ẹnì kan fi iyọ̀ kún un kí ásíìdì lè gbóná sí i, àwọn mìíràn fi kọ́pà sí i kí ó lè yá. Ṣùgbọ́n egungun iṣẹ́ náà, tirẹ̀ ni. Ẹwà rẹ̀ ni pé ẹnì kan lè to ìgò mẹ́wàá tàbí ogún sórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti tàn ká Yúróòpù, ó sì ti dé Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọkà nìkan ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Wọ́n fi ń wọ̀n wàrà, ẹran, erùpẹ̀ oko, àti ajílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ọlọ́jà má baà fi iyanrìn ta àgbẹ̀ ní ìtàkutà.

Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti lè bi ilẹ̀ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ìdáhùn sí dáadáa tẹ́lẹ̀: bí mo bá fún ọkà ní náítírójìn, ibo ni ó ń lọ? Ìdáhùn náà ni ó ba Bàbá Kékeré nínú jẹ́. Bí a bá tètè fi ajílẹ̀ sí ọkà báálì, nígbà tí ó ṣì kéré, yóò fi í ya ọmọ ní ìdí, yóò fi í ṣe ewé. Ewé púpọ̀ yóò gba oòrùn púpọ̀, orí ọkà yóò pọ̀, sítáàṣì yóò kún inú wọn, náítírójìn yóò sì pín ká láàrin wọn débi pé kò ní pọ̀ jù nínú ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbà tí igi ọkà ti dìde, tí ó ti fẹ́ yọ orí ni a tó fún un, ó ti pẹ́ jù fún un láti ya ọmọ mìíràn. Kò ní da oúnjẹ náà nù. Yóò gbé e lọ sínú èso, yóò sì fi í pamọ́ síbẹ̀ bíi purotéènì. Àpò ajílẹ̀ kan náà, ilẹ̀ kan náà, àgbẹ̀ kan náà. Ọjọ́ tí ó wọ ilẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ ọkà báálì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń sáré parí ajílẹ̀ wọn kí igi ọkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Òjò náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bí ọ̀dá bá dá nígbà tí èso ń kún, sítáàṣì kò ní pọ̀, náítírójìn yóò sì dà bí ẹni pé ó ga, bí àgbẹ̀ tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ẹni tí ó bá ń gbin àgbàdo ní Odẹ́dá mọ ìlànà tirẹ̀: NPK ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ó bá hu, yúríà ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí a sì fi erùpẹ̀ bò ó kí amónía rẹ̀ má baà bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí yúríà bá pẹ́, tí èso àgbàdo sì ní purotéènì díẹ̀ sí i, ta ni yóò bínú? Ẹni tí ń jẹ ẹ̀kọ kò ní bínú. Adìyẹ kò ní bínú rárá, nítorí purotéènì ni olúwa rẹ̀ ń fi owó wá. Ohun tí ó jẹ́ àléébù lójú ọlọ́tí, oore ni lójú onísìn adìyẹ. Ọkà Bàbá Kékeré kò bàjẹ́. Ọjà tí kò bá a mu ni ó gbé e lọ.

Báwo ni ọkà bàbà ṣe wá bọ́ sí ipò ọkà báálì ní ilẹ̀ wa? Ní ọdún 1949 ni bíà ìgò àkọ́kọ́ jáde ní ilé ìpọntí tí ó wà ní Ìgànmú ní Èkó, láti ìgbà náà wá ni a ti ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ra mọ́ọ̀tì báálì. Nígbà tí owó epo wálẹ̀ ní àárín 1980 sí 1989, ìjọba fi òfin de mọ́ọ̀tì báálì láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1988. (Oṣù náà gan-an ni wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn Abẹ́òkúta sílẹ̀.) Àwọn ọlọ́tí kan ní ayé ti bàjẹ́. Ọkà bàbà kò ní ẹnsáìmù tó ti báálì, sítáàṣì rẹ̀ sì ń fẹ́ ooru tí ó pọ̀ jù kí ó tó yọ́, ooru tí ó sì lè pa ìwọ̀nba ẹnsáìmù tí ó ní. Ilé ìwádìí ìjọba tí ó wà ní Òṣòdì wà lára àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ra ẹnsáìmù láti ìta fi kún un, ọtí sì ń jáde. Òfin náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú ọtí wa. Ohun tí ó wá dùn mọ́ mi ni pé àwọn ìyá wa tí ń pọn ọtí bàbà ti mọ̀ tipẹ́ pé ó ṣeé ṣe.

Kjeldahl fúnra rẹ̀ kọ nípa ẹnsáìmù mọ́ọ̀tì ní ọdún 1879, kí ó tó kan náítírójìn rárá. Ó sì ń bá iṣẹ́ lọ ní Carlsberg lẹ́yìn 1883. Jacobsen kú ní 1887, ọdún kan náà tí Ìyálóde Tinúubú wa kú ní Abẹ́òkúta. Alábàáṣiṣẹ́ Kjeldahl kan, Emil Christian Hansen, ni ó kọ́kọ́ ya ìwúkàrà sọ́tọ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo, ní 1883 kan náà, wọ́n sì fi í ta àwọn ọlọ́tí mìíràn lọ́rẹ. Orúkọ Hansen ni àwọn ará ìlú mọ̀ jù nígbà náà. Ti Kjeldahl wà lẹ́nu àwọn tí ń fọ ìgò nílé àyẹ̀wò.

Ní ọjọ́ 18, oṣù keje, ọdún 1900, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní etíkun àríwá Zealand. Inú omi náà ni ikú ti mú un lọ. Oṣù kan ni ó kù kí ó pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹni tí ó bọ́ sí ipò rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni S. P. L. Sørensen, òun ni ó fún ayé ní òdiwọ̀n pH ní 1909, èyí tí àwọn akẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìpè.

N kò ní purọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ihò. Náítírójìn ni ìgò rẹ̀ ń rí, kò rí purotéènì. Ohunkóhun tí ó bá ti ní náítírójìn nínú, yóò kà á mọ́ ọn. Ní ọdún 2008, àwọn oníjìbìtì kan ní ilẹ̀ Ṣáínà bu omi sí wàrà, wọ́n sì da melamine sí i. Melamine kì í ṣe oúnjẹ, ike ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni ó jẹ́ náítírójìn. Òdiwọ̀n ní wàrà náà lọ́ràá. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọmọ ọwọ́ ni ó ṣàìsàn, mẹ́fà sì kú. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo ń kọ ìtàn ọkùnrin yìí. Òun kọ́ ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá sọ nọ́ńbà kan di onídàájọ́, àwọn kan yóò kọ́ bí a ti ń tan onídàájọ́ náà jẹ.

Mo padà sí Odẹ́dá ní ọlidé tí ó tẹ̀ lé e. Mo jókòó ti Bàbá Kékeré lábẹ́ igi òroǹbó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ fún un pé ẹni tí ó fẹ́ lọ bẹ̀ ti kú ní ohun tí ó lé ní ọgọ́fà ọdún, àti pé bí ó tilẹ̀ wà láàyè, iṣu kò lè yí ohun tí ìgò rí padà. Mo sọ fún un pé yúríà rẹ̀ kò burú, ọjọ́ tí ó wọ ilẹ̀ ni ó burú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá ìgò ọkùnrin náà lè wọn ọjọ́ tí owó yíyá ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fún òun àti ọjọ́ tí ó tó dé ọwọ́ òun. Mo ní rárá. Ó ní ó burú.

Ó ti padà sí àgbàdo báyìí. Àwọn onísìn adìyẹ ni ó ń tà á fún, wọ́n sì ń wá a dé oko. Ìwé pélébé náà ṣì wà nínú agolo bisikíìtì tí ó ń kó rìsíìtì sí. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ fi omi rin àgbàdo kí ó lè wúwo lórí ìwọ̀n, yóò pariwo mọ́ wọn pé Kẹ́ídáàlì ń wò wọ́n.